Fírídọ̀mù Mojọlá

Bí ẹ bá dé Angwan Rukuba ní Jos tí ẹ béèrè aránṣọ tó mọ iṣẹ́ jù, tó sì le jù, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọn yóò júwe fún yín. Ojúọlápé lorúkọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n Mádáàmù ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí wọ́n bá sì pè é ní nǹkan mìíràn, kì í dáhùn. Jos ni wọ́n bí i sí, Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí; bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ọjà wá síbẹ̀ láyé òyìnbó. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá, inú rẹ̀ sì dára ju ẹnu rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ rí inú yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara da ẹnu náà.

Nǹkan kan wà tí Mádáàmù kì í fi ṣeré: fírídọ̀mù. Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tán kò lè dá dúró àfi bó bá ṣe ayẹyẹ tí wọn yóò fi tú u sílẹ̀. Wọn á pa ẹran, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á wà, ẹgbẹ́ aránṣọ á gba ẹ̀tọ́ wọn, ọ̀gá á gba tirẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni ọmọ á máa ránṣọ fún ọ̀gá, kódà bó mọ̀ ọ́n rán ju ọ̀gá lọ. Bó bá sì lọ gbé máṣíìnì kalẹ̀ síbòmíì láìṣe é, ẹgbẹ́ á wá gbé máṣíìnì náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Mádáàmù fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ṣe fún ẹlòmíì, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Mojọlá ti kọ́ṣẹ́ tán tipẹ́tipẹ́. Bàbá rẹ̀ ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì gbàgbé pé òun bímọ sí Jos. Ìyá rẹ̀ ń din kósè, àkàrà àwọn Hausa, létí títì láàárọ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà níléèwé. Níbo ni ewúrẹ́ fírídọ̀mù ti fẹ́ wá? Ọmọ náà bẹ Mádáàmù pé kó máa fún òun ní díẹ̀ nínú owó aṣọ tí òun bá rán. Mádáàmù ní háà, ọmọ iṣẹ́ kì í gbowó, ṣé ó fẹ́ sọ òun di ẹlẹ́yà láàárín ẹgbẹ́ ni? Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ṣe kékeré. Mádáàmù ní wọn kì í ṣe kékeré ní ṣọ́ọ̀bù òun, ó wá nàka sí fọ́tò ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan tó gbé kọ́ ògiri. "Wo Hàbíbátù. Ọmọ òrukàn ni, kò lẹ́nì kan. Àgbò ló pa! Ó ti wà ní Vom báyìí, tó ń ránṣọ tirẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, tí Mojọlá ń rán aṣọ ìyàwó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Mádáàmù ń gba owó rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, Mojọlá ní òun ríṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Gyel, pé òun á máa bá wọn fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án. Mádáàmù gbà fún un. Ọyẹ́ kò tí ì lọ tán tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan wá: ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ nìyí, ẹ̀tọ́ ọ̀gá nìyí, ewúrẹ́ náà ti wà ní ìso. Inú Mádáàmù dùn ju ti ẹni tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ lọ. Ó sọ ara rẹ̀ di alágbàwí ọmọ náà fún gbogbo ẹni tó bá wá gba aṣọ, pàápàá jù lọ fún Tolú, ọmọbìnrin tó tẹ̀lé Mojọlá lẹ́nu iṣẹ́, tí òun náà ti kọ́ṣẹ́ tán, tí ìyá rẹ̀ ń ta kúlíkúlí.

"Ṣé o rí ẹni tó lápá?" á wí fún Tolú. "Aṣọ bẹ́ẹ̀dì lásán ló fọ̀ o! Ìwọ jókòó síbẹ̀, kí o máa wo ojú mi."

 Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Tolú. Ó kàn ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ni. Ṣùgbọ́n Mádáàmù yìí, tó lè wo èèyàn lókèèrè kó sọ iye ọ̀pá aṣọ tí yóò gbà, kò fìgbà kan jókòó ṣírò iye aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọ̀ kó tó di odidi ewúrẹ́.

Àṣà kan wà tí Mádáàmù bá lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀. Ọmọ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ rán gáùn tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ fírídọ̀mù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀gá ló ń ṣẹ́ ẹ. Ọmọ á wọ gáùn náà, á dúró, ọ̀gá á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, á ṣẹ́ ẹ yípo. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ọ̀gá ń kúnlẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Gáùn tí ọ̀gá kò bá ṣẹ́ etí rẹ̀, kò sí fírídọ̀mù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ayẹyẹ. Ní Ọjọ́bọ̀, Mádáàmù pe Mojọlá títí lórí fóònù, kò lọ. Ó wá rò ó pé ọmọ tó ṣe báyìí gbìyànjú, kí òun náà ṣe é lẹ́yẹ díẹ̀. Ó ká gáùn tí ọmọ náà ti rán sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sínú báàgì, ó ki abẹ́rẹ́ àti òwú sí i, ó sọ fún Tolú pé kó máa wo ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ọkọ̀, ó di Gyel. Ẹ̀rín ló ń rín lọ́nà.

Òtẹ́ẹ̀lì náà kò ṣòro láti rí. Ẹ̀yìn àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù ló wà, géètì rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andrew ló jókòó sẹ́nu géètì, ó ń bó ẹ̀pà jẹ.

"Sannu," Mádáàmù kí i ní Hausa. "Mojọlá ni mo ń wá o, 'yar wanki, èyí tó ń bá yín fọṣọ."

Andrew gbójú sókè. "'Yar wanki?" Ó rẹ́rìn-ín. "Haba, Mama! Ẹ̀rọ ló ń fọṣọ níbí o. A kò ní afọṣọ kankan."

Mádáàmù ní ó ní láti jẹ́ pé kò mọ gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ó kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà nínú lọ́hùn-ún, ìlẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ìlẹ̀kùn lósì, obìnrin kọ̀ọ̀kan sì jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn tirẹ̀ lójú ọ̀sán gangan. Òmíràn ń dirun, òmíràn ń pa ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Ọ̀kan tó ró aṣọ kọ́ àyà ta gìrì dìde lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ bo ẹnu.

"Mádáàmù?"

Hàbíbátù ni. Hàbíbátù tó wà nínú fọ́tò, Hàbíbátù tó pa àgbò.

"Kí lo ń ṣe níbí?" Mádáàmù bi í. "Ṣebí Vom lo wà?"

"Vom kẹ̀? Mo gbìyànjú ẹ̀, wallahi." Hàbíbátù fa aṣọ rẹ̀ sókè. "Lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ̀mù tán, kò ṣẹ́ kù nǹkan kan tí mo lè fi ra máṣíìnì. Mo lọ háyà ti obìnrin kan. Iná kò sí, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń wọ́n sí i. Bàbá ọmọ mi wá lọ, kò dágbére. Ni mo bá padà síbi tí mo ti mọ̀."

Mádáàmù kò gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ kan ló há sí i létí. "Padà? Padà wá síbo?"

Hàbíbátù wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọdé tó béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. "Mádáàmù, níbo lẹ rò pé àgbò yẹn ti wá?"

Orí Mádáàmù wú.  Àgbò yẹn! Òun ni wọ́n gbé itan rẹ̀ fún. Ó yan án, ó jẹ ẹ́ títí ó fi mú egungun. 

Ibi tó dúró sí náà ni ìlẹ̀kùn kan ti ṣí. Ọkùnrin kan kọ́kọ́ jáde, ó ń ki ẹ̀wù rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò. Bó ṣe rí àgbà obìnrin lójú ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ina wuni, Mama," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó jáde tẹ̀lé e ni Mojọlá.

Ariwo tí Mádáàmù pa, àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ògiri dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Yéè! Mo gbé! Mojọlá! Aṣẹ́wó lo wá ń ṣe? Ìwọ tí mo ń fi yangàn kiri! Ta ló tì ẹ́ síbi? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Mojọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sunkún. "Ebi kọ́, Mádáàmù. Fírídọ̀mù ni."

"Kí lo wí?"

"Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ máa fún mi ní small lára iṣẹ́ tí mo bá ṣe, ẹ ní rárá. Mo ní kí n ṣe kékeré, ẹ ní rárá. Mo lọ bá Alága pé kó bá mi bẹ̀ yín. Ó ní kò burú, pé kí n wá sílé òun ní ọjọ́ tí ìyàwó òun kò bá sí." Ó gbé ojú sókè. "Mádáàmù, mo wá rò ó. Tó bá jẹ́ nǹkan yẹn náà ni gbogbo wọn ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí n kúkú lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó ẹ̀."

Alága wo? Bàbá Àjàyí, alága ẹgbẹ́ aránṣọ, tó máa ń fi àdúrà ṣí ìpàdé? Mádáàmù di ògiri mú.  Ó ti ń bínú sí ọmọ náà, inú sì ṣì ń bí i gan-an, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò darí ìbínú náà sí mọ́. Ibi tó bá kọjú sí, ara rẹ̀ ló ń bá níbẹ̀. Ìyẹn sì tún wá dá kún ìbínú náà.

Mojọlá ti rí báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má sọ fún màmá mi. Ẹ jọ̀ọ́. Àti pé ẹ má fagi lé fírídọ̀mù náà. Èyí tí mo kó wá yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Bí mo bá ti gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ yín, mi ò ní padà síbí mọ́. Màmá mi ti fún mi láyè níwájú ilé, mo máa máa ránṣọ níbẹ̀." Ó dìde, ó rọra fa gáùn náà yọ, ó wọ̀ ọ́ lé orí ohun tó wà lára rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìsàlẹ̀ gáùn náà ń wọ́lẹ̀. "Mádáàmù, ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ."

Gbogbo obìnrin tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn ló ń wò wọ́n. Mádáàmù wo abẹ́rẹ́ tó wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀. Ó yí padà, ó ń sáré jáde, bàtà rẹ̀ kan sì yọ sílẹ̀. Hàbíbátù ló mú un lé e bá lẹ́nu géètì.

"Mádáàmù, ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá fagi lé e, ibí náà ló máa ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Nígbà tí Mádáàmù dé ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ kò tí ì balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjáyà a máa tú èèyàn lẹ́nu. Ohun tó dẹ́rù bà á kò ní lè dúró sí i nínú. Tolú nìkan ló wà níbẹ̀, Tolú ló bi í pé, "Mádáàmù, ṣé ẹ rí Mojọlá?" Ni Mádáàmù bá tú u palẹ̀. Ó kà á fún un láti orí dé ìdí, kó lè kọ́gbọ́n, kó lè sá fún un: géètì búlúù, ẹ̀yìn àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù, Andrew tó ń jẹ ẹ̀pà, Hàbíbátù pẹ̀lú àgbò rẹ̀, ọkùnrin tó kí òun ní Mama.

"Háà, Tolú! Wọn kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ o! Bó o bá ti dé báyìí, yàrá ni!"

"Láti ìgbà ọyẹ́ yìí náà ni, Mádáàmù?"

"Láti ìgbà ọyẹ́! Ọyẹ́ ò tí ì lọ tó ti rí gbogbo ẹ̀ san! Ṣó o rí i pé iṣẹ́ èṣù ni? Kí n má gbọ́ pé o fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà ibẹ̀. Mo ti sọ fún ẹ o."

"Mo ti gbọ́, Mádáàmù," Tolú wí. Ó já òwú ẹnu bọ́tìnnì tó ń rán, ó mú òmíràn.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Tolú kò wá síṣẹ́. Mádáàmù kò tiẹ̀ bi ara rẹ̀ pé níbo ló wà. Òtútù ló mú un, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀, ọyẹ́ Jos kò mọ ọmọ àlejò yàtọ̀ sí ọmọ onílé. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pọ̀ jù fún un. Ó yọ fọ́tò Hàbíbátù kúrò lára ògiri, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Ó rántí gbogbo ọmọ tó ti tú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ń bi ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan pé níbo lẹran tiwọn ti wá, kò sì rí ọ̀kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lé lórí.  Bó bá ní kí òun fagi lé fírídọ̀mù náà, ó mọ ibi tí Mojọlá yóò padà sí. Bó bá sì ṣe é, ó mọ ohun tí òun fẹ́ jẹ.

Láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó to àga tán níwájú ṣọ́ọ̀bù, Mojọlá dé. Ó wọ gáùn rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè kí eruku má baà bà á jẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè lọ. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tuntun, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Mádáàmù wò wọ́n. Ó mú abẹ́rẹ́, ó fi òwú bọ ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, níta gbangba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí gáùn náà yípo. Omi ojú ń já bọ́ sórí aṣọ. Àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Dárí jì mí," ó wí, jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó dúró lókè rẹ̀ nìkan ló lè gbọ́. Mojọlá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Nígbà tó tó àkókò àdúrà, Alága Àjàyí dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́ sí orí Mojọlá. Mádáàmù gbá ọwọ́ náà kúrò. 

"Ẹ jókòó, Alága. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún ọmọ yìí ti dé etí mi. Ẹ jókòó kí n má baà sọ ọ́ síbí."

Àjàyí jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo ilẹ̀. Mádáàmù fi téèpù kọ́ Mojọlá lọ́rùn fúnra rẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó sì fa òun àti ìyá rẹ̀ lọ síwájú máṣíìnì kan, èyí tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù. "Ìwọ lo ni ín. Iṣẹ́ rẹ ló rà á, kì í ṣe ọrẹ." Ó wá kọjú sí àwọn èèyàn. "Láti òní lọ, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ mi, ó tán nìyẹn. N kò gba ewúrẹ́, n kò gba àgbò, n kò gba kọ́bọ̀. Bí inú ẹgbẹ́ kò bá dùn sí i, kí wọ́n wá gbé máṣíìnì tèmi. Tolú dà? Tolú, bọ́ síta! Òní náà ni mo tú ìwọ náà sílẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kéékèèké ń fò sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ẹnì kan kò bọ́ síta.

"Tolú dà?" Mádáàmù tún pè.

Ìyá Tolú ló dìde láti ẹ̀yìn, obìnrin tín-ín-rín tó ń ta kúlíkúlí. Ó ń bọ̀ wá síwájú, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Mádáàmù, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ ṣé, Mádáàmù, Ọlọ́run a dá yín lọ́lá! Tolú ní kí n kí yín o. Ó ní kẹ́ ẹ má bínú pé òun kò dágbére. Gyel ló lọ láti àná, sí òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ júwe fún un. Ó ní ẹ sọ pé wọn kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni níbẹ̀, pé kí ọyẹ́ tó lọ, òun náà á ti rí ti fírídọ̀mù san." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó, ẹ tún ti ní kó má san nǹkan kan mọ́! Mo ti pè é pé kó máa bọ̀, fóònù ẹ̀ ni kò lọ."

Igbe tí Mojọlá ké, ìyá rẹ̀ dì í mú. Mojọlá já ara rẹ̀ gbà, ó ká gáùn rẹ̀ sókè, ó sì gba ojú títì lọ láti dá ọkọ̀ Gyel dúró, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mádáàmù fẹ́ tẹ̀lé e. Ó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀, kò rí i gbà. Ìyá Tolú ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú ṣinṣin, ó ń dúpẹ́.